Kí Ni Iṣẹ́ Ọnọ́rébù Tí A Dìbò Yàn Lọ sí Àbújá?

Bí gọ́tà àdúgbò bá dí, ọnọ́rébù là ń pè. Bí tíráńsífọ́mà bá jó, ọnọ́rébù ni. Bí ọmọ bá jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, bí ìyá àgbà bá kú tí owó ìnáwó kò tó, bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù àti jẹ́sì, ọ̀dọ̀ kan náà là ń gbà lọ. Nígbà tí ìbò bá tún súnmọ́lé, iye àpò ìrẹsì, ẹ̀rọ ìlọta àti ọ̀kadà tó pín la fi ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò dárúkọ ẹyọ kan nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn mọ́ iṣẹ́ aṣojú-ṣòfin. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó ṣòfin, kí ó fọwọ́ sí owó tí ìjọba máa ná, kí ó sì máa yẹ ìjọba lọ́wọ́ wò bóyá ó ná owó náà bó ṣe yẹ. Agbára tó wà nídìí iṣẹ́ mẹ́ta yìí ju ti ẹni tó ń pín ìrẹsì lọ fíìfíì. Mo gbà pé ìdí pàtàkì kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi ṣe é dáadáa ni pé àwa tí a rán wọn níṣẹ́ kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ilé méjì ló wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Ọ̀kan ni ti àwọn aṣòfin àgbà, àwọn sẹ́nétọ̀, tí wọ́n jẹ́ 109: mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan láti Àbújá. Bí ìpínlẹ̀ kéré, bó tóbi, mẹ́ta náà ni. Èkejì ni ilé àwọn aṣojú-ṣòfin, tí àga wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn 360 ló wà níbẹ̀, iye èèyàn tó ń gbé ìlú ni wọ́n sì fi pín in. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi ní 24, tí Kánò náà ní 24, tí Ọ̀yọ́ ní 14, tí Ògùn, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tí Èkìtì sì ní mẹ́fà. Bí a bá da ti ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn pọ̀, láìka Kánò, 71 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilé. Ẹkùn ìdìbò kan lè má ju apá kan ìjọba ìbílẹ̀ lọ, bíi Sùúrùlérè l'Ékòó tí wọ́n pín sí méjì. Ó sì lè gba ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, bí ó ti rí fún Ìṣẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà àti Ìwájọ̀wà tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣojú fún.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú fún aráàlú ni pé gbogbo wọn la ń pè ní ọnọ́rébù. Kánsẹ́lọ̀ ni, ẹni tó wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni, ẹni tó wà l'Ábùújá náà ni. Nítorí èyí, ẹrù ẹlòmíràn la máa ń dì lé ẹlòmíràn lórí. Gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ilé ẹran, àkìtàn àti ọ̀nà àdúgbò, ti káńsù ni, òfin kọ ọ́ síbẹ̀ ní kedere. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ àti ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀, gómìnà ló ni ín, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì yẹ kó máa bi í. Ti ẹni tó wà l'Ábùújá ni ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè: ọlọ́pàá, ọmọ ogun, owó orí ìjọba àpapọ̀, epo rọ̀bì, ìrìnnà sókè òkun, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà márosẹ̀ bíi ti Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ohun kan wà tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣòfin lé lórí, bíi iná mànàmáná. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin mú kí ìpínlẹ̀ lè ṣètò iná mànàmáná tirẹ̀ kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ilé àwọn aṣojú-ṣòfin wà lára àwọn tó dìbò sí àtúnṣe yẹn, àǹfààní rẹ̀ sì kọjá tíráńsífọ́mà kan tí ọnọ́rébù ń ṣe ayẹyẹ lé lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá tàbí irú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ẹni tó kéré jù tó lè díje. Àwọn ọ̀dọ́ jà fún un títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu àtúnṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ó sì di ọmọ ọdún 25. Ọdún mẹ́rin ni sáà kan. Òfin kò fi gbèdéke sí iye sáà tí ènìyàn lè lò, nítorí náà ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ṣì fẹ́ lè lo ogún ọdún níbẹ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ bí ìjókòó ilé ṣe ń lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó, òfin sì ní iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò lọ́dún kò gbọdọ̀ dín ní 181. Abẹnugan, tí í ṣe olórí ilé, á wọlé, ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ á ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀pá náà sórí tábìlì, wọ́n á gbàdúrà. Bí ọ̀pá àṣẹ kò bá sí níbẹ̀, ìjókòó kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn jàǹdùkú fi jí ti ilé àwọn sẹ́nétọ̀ gbé lọ lójú mọ́mọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2018. Àwọn ọlọ́pàá rí i lọ́jọ́ kejì.

Olúkúlùkù ló ní ìwé ètò ọjọ́ náà lọ́wọ́, tó kọ àbá àti àbádòfin tí wọ́n máa gbé yẹ̀ wò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á nàró, á máa retí kí abẹnugan pe òun. Abẹnugan nìkan ni ó lè bá sọ̀rọ̀; bó bá fẹ́ fèsì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ abẹnugan ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ fojú inú wo 360 èèyàn nínú wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ kò ní sọ gbólóhùn kan lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ti múra sílẹ̀ láti alẹ́, á ti ka àbádòfin náà, á ti mọ ìlà tí òun fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ẹni tí kò múra á kàn jókòó ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 120, ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó kí ìpinnu wọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì láti rí àga òfìfo rẹpẹtẹ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ bá tó ìpinnu, abẹnugan á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé "áyì", kí àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ pé "néè". Á fetí sílẹ̀, á kéde ìhà tí òun gbọ́ pé ó pọ̀ jù, á sì lu òòlù. Ó parí. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìwọ tó dìbò fún ọnọ́rébù rẹ kò lè mọ̀ láéláé bóyá áyì ló sọ tàbí néè, tàbí ó wà níta tó ń gba fóònù. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì dá gómìnà àti àwọn aṣòfin ibẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà. Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Áyì àti néè náà ni wọ́n fi ṣe é nílé méjèèjì. Ọkàn mi kò gbà á pé ohùn tí ń pariwo pọ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn 240 ló fara mọ́ nǹkan.

Ìgbà tí wọ́n bá ń tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe nìkan la sábà máa ń rí iye ìbò gan-an. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n dìbò lórí àbádòfin tó fẹ́ ya àfikún àga sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Àwọn 81 fọwọ́ sí i, àwọn 208 kọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin yarí, wọ́n lọ fẹ̀hónú hàn lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bínú sí nítorí pé iye wà lákọsílẹ̀. Títí di àkókò yìí, àwọn obìnrin tó wà nínú ilé ẹlẹ́ni 360 yẹn kò tó ogún.

Nísinsìnyí, báwo ni òfin ṣe ń di òfin? Ọmọ ilé èyíkéyìí lè gbé àbádòfin wá, Ààrẹ náà lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju pé kí akọ̀wé ilé ka orúkọ rẹ̀ jáde lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí pátákó ńlá tó ní ọnọ́rébù yín ti gbé àbádòfin ogún wá, ẹ béèrè mélòó nínú wọn ló kọjá kíkà àkọ́kọ́. Ní kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó gbé e wá á dìde, á ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àwọn yòókù á gbè é tàbí kí wọ́n já a. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àbádòfin ń kú sí.

Èyí tó bá là á já á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń pe ìjókòó ìtagbangba, wọ́n á polongo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́, oníṣòwò, agbẹjọ́rò, àwọn oníṣègùn àti ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn lè wá sọ tẹnu wọn tàbí kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn ará Àbújá nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn lè kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìgbìmọ̀ náà á sì fi í sára àkọsílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ilé á di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo: abẹnugan á kúrò lórí àga rẹ̀ gíga, á wá jókòó nísàlẹ̀ bí alága, wọ́n á sọ ọ̀pá àṣẹ kalẹ̀, wọ́n á sì máa gbé àbádòfin náà yẹ̀ wò ní abala kọ̀ọ̀kan. Bó bá jáde níbẹ̀, kíkà kẹta ló kù. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjá sọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Bí ti ilé méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á yan àwọn kan láti ìhà méjèèjì láti ṣe é lọ́kan.

Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀, ilé méjèèjì lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbé e kọjá lórí rẹ̀, á sì di òfin láìsí ìbuwọ́lùwé Ààrẹ. Bí òfin tó dá àjọ NDDC sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ elépo ṣe di òfin nìyẹn ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí Ààrẹ Obasanjo ti kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, agbára yìí wà níbẹ̀, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó.

Ìrìnàjò yìí lè gba ọdún méjìlá, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́fà. Òfin tó fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ dé iwájú ilé aṣojú-ṣòfin ní 1999. Sáà àkọ́kọ́ parí, kò jáde. Nígbà tó jàjà jáde, Ààrẹ Obasanjo kò buwọ́ lù ú ní 2007. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àbádòfin tí sáà ilé bá parí mọ́ lọ́wọ́ ti kú nìyẹn. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àbádòfin tó dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà, ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ilé aṣojú-ṣòfin kà á lẹ́ẹ̀kínní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29, Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lù ú. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú orin kankan. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ilé yẹn mọ bí wọ́n ti ń yára, nígbà tó bá wù wọ́n.

Òfin tó dára ń dé ẹnu ọ̀nà èèyàn. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tó ṣojú Sùúrùlérè kìíní tó sì jẹ́ abẹnugan láti 2019 sí 2023, ló gbé àbádòfin owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ó di òfin ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Kùdìẹ̀-kudiẹ wà nínú rẹ̀: ó ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò bá tó 500,000 náírà lọ́dún nìkan ló lè jàǹfààní, ó sì ń béèrè àwọn onídùúró tí ọmọ tálákà kò lè rí. Wọ́n fagi lé e, wọ́n ṣe òmíràn ní oṣù kẹrin ọdún 2024, láìsí gbèdéke owó yẹn. Lórí òfin kejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba owó iléèwé báyìí. Bí ẹnì kan bá ka ìlà òfin dáadáa nígbà ìjókòó ìgbìmọ̀, ó lè gba ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ lọ́wọ́ irú kùdìẹ̀-kudiẹ bẹ́ẹ̀.

Àbá yàtọ̀ sí àbádòfin. Ìpinnu tí ilé bá ṣe lórí àbá, ìmọ̀ràn ló jẹ́ fún ìjọba, kò ní agbára òfin. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, tí lítà kan fò láti 65 náírà sí 141, ilé aṣojú-ṣòfin ṣe ohun tí wọn kì í ṣe: wọ́n jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, wọ́n ní kí Ààrẹ dá ìgbésẹ̀ náà dúró. Ààrẹ kò dá a dúró. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ìwọ́de aráàlú ló mú kí ó sọ ọ́ di 97 náírà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ rántí èyí nígbà tí ìròyìn bá ń sọ pé "ilé aṣòfin pàṣẹ fún" mínísítà kan.

Síbẹ̀, àbá kan lè yí ìtàn padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso wa, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Action Group dìde nílé aṣojú-ṣòfin l'Ékòó, ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú láti Àríwá kò fara mọ́ ọdún tó dá. Ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC bínú jáde. Àbá náà kò yọrí, rògbòdìyàn sì ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n láàárín ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pe àwọn olóṣèlú wa sí àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù láti tún ìwé òfin kọ. Ọ̀rọ̀ òmìnira kò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Ibi tí agbára wọn ti le jù ni owó. Abala 80 ìwé òfin ní ìjọba àpapọ̀ kò lè yọ kọ́bọ̀ nínú àpò ìlú bí àwọn aṣòfin kò bá fọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún, Ààrẹ á gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá síwájú ilé méjèèjì. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan á wá pe mínísítà àti ọ̀gá àjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀: owó tí a fún yín lọ́dún tó kọjá, kí lẹ fi ṣe? Èyí tí ẹ ń béèrè yìí ńkọ́? Wọ́n lè gé e, wọ́n lè fi kún un. Ti ọdún 2025 ni kí a wò: Ààrẹ gbé tírílíọ̀nù 49.7 náírà wá ní oṣù kejìlá ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ tún sọ ọ́ di 54.2, ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí 54.99. Àlàfo tó wà láàárín méjì tó kẹ́yìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 bílíọ̀nù náírà. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan bi aṣojú rẹ̀ ni ibi tí àfikún yẹn lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò ti wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lóye. Ọnọ́rébù kò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló máa sọ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé báyìí, kí wọ́n kọ́ kíláàsì mẹ́ta sí iléèwé báyìí, kí wọ́n ri òpó iná oòrùn sí ọjà báyìí. Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì àjọ ìjọba kan ni wọ́n máa kọ iṣẹ́ náà sí, bóyá àjọ tó ń mójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ní Abẹ́òkúta, tàbí àjọ mìíràn. Àjọ náà ló máa polongo iṣẹ́, tó máa yan agbaṣẹ́ṣe, tó máa sanwó. Nítorí náà, ọnọ́rébù tó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ kànga tó ní "mo fi èyí ta àwọn èèyàn mi lọ́rẹ" kò sọ òótọ́. Owó orí yín ni. Bákan náà, bí kànga kò bá sí níbi tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ó wà, kì í ṣe òun nìkan la máa bi. A máa bi àjọ náà, a máa bi agbaṣẹ́ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ tọpinpin rẹ̀ lè ṣe é láti orí fóònù. Iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé náà nípọn, ṣùgbọ́n ènìyàn lè wá orúkọ ìlú rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀, orúkọ iṣẹ́, bóyá tuntun ni tàbí èyí tó ń lọ lọ́wọ́, àti iye owó. Kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ síbi tí wọ́n ní ó wà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lo bá níbẹ̀, kọ ìwé sí àjọ náà, kí o béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti iye tí wọ́n ti san. Òfin ọdún 2011 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá ọ lóhùn. Láti 2019 ni ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ti ń kiri ìpínlẹ̀ káàkiri lórí irú iṣẹ́ wọ̀nyí, wọ́n sì ti mú kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kan padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sá fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ yíyẹ ìjọba lọ́wọ́ wò kò mọ sórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Abala 88 àti 89 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, láti pe ẹnikẹ́ni kó wá jẹ́rìí, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú ẹni tó bá kọ̀ wá. Ìgbìmọ̀ wọn ju 130 lọ lónìí, tí mo gbà pé ó ti pọ̀ jù. Ẹni kan lè wà nínú púpọ̀, kí ó má lè jókòó dáadáa sí ọ̀kankan. Lẹ́yìn rògbòdìyàn epo ti 2012, ìgbìmọ̀ kan ṣèwádìí owó ìrànwọ́ náà, àbọ̀ wọn sì ní kí àwọn oníṣòwò epo àti àjọ ìjọba dá owó tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà padà. Ìwádìí tí gbogbo ìlú ń yìn ni. Láìpẹ́ ni ọ̀rọ̀ jáde pé alága ìgbìmọ̀ náà, Farouk Lawan láti Kánò, gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kó lè yọ iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́. Ní 2021, ilé ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje; wọ́n dín in kù sí márùn-ún ní kòtẹ́milọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2024. Ó dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yẹn ṣe nílò kí ọwọ́ ẹni tó ṣe é mọ́.

Ohun kan wà tí wọn kò lágbára lé lórí: yíyẹ orúkọ mínísítà àti àwọn aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè wò, iṣẹ́ àwọn sẹ́nétọ̀ nìkan ni. Owó oṣù wọn ńkọ́? Àjọ RMAFC, tó ń ṣètò pínpín owó ìjọba, ló ń dá a, owó oṣù gan-an fún aṣojú-ṣòfin kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì náírà lọ́dún. Ohun tó ń mú kí aráàlú fapá jánú ni àwọn àjẹmọ́nú àti owó ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lé e, tí ilé kì í tẹ́ kalẹ̀ fún ìlú rí. Ó yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ kalẹ̀.

Bí ọnọ́rébù bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé bọ́ sínú òmíràn kí sáà rẹ̀ tó parí, òfin ní àga rẹ̀ ti bọ́, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá fọ́ sí méjì tàbí tó darapọ̀ mọ́ òmíràn. Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé, tó ń ṣojú Àkúrẹ́, kúrò nínú ẹgbẹ́ Labour bọ́ sí ACN, ó ní ẹgbẹ́ òun ti fọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tó bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó pàdánù àga rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ti fò láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, abẹnugan ló sì yẹ kí ó kéde pé àga wọn ṣófo. Kì í kéde rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń fò bọ̀ sí.

Aráàlú náà lè pe aṣojú wọn padà wálé. Ó gba kí ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní ẹkùn náà buwọ́ lu ìwé sí àjọ elétò ìdìbò, INEC, kí INEC yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò, kí wọ́n tó ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún sẹ́nétọ̀ kan ní Ìwọ̀-oòrùn Kogí ní 2018. Nínú olùdìbò tó lé ní 350,000, àwọn tí INEC rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò tó 19,000. Títí di òní, kò sí aṣòfin àpapọ̀ kan tí wọ́n pè padà rí. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì ṣòro. Ìwé ẹ̀sùn ló yá jù: bí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá rẹ́ ọ jẹ, o lè kọ ẹ̀sùn rẹ, kí aṣojú rẹ gbé e síwájú ilé, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn á sì pe iléeṣẹ́ náà láti wá ṣàlàyé. Kò ní ná ọ lówó.

Nítorí náà, nígbà tí ọnọ́rébù bá tún wálé fún ọdún ìbílẹ̀ tàbí ìpàdé ará ìlú, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dìde kí ó bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: Àbádòfin wo lẹ gbé wá, ibo ló dé dúró? Ìgbìmọ̀ wo lẹ wà, iléeṣẹ́ wo lẹ pè wá jẹ́jọ́ owó lọ́dún yìí? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí lẹ sì sọ? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde nígbà tó bá tún padà wá tọrọ ìbò.